Ẹmu, Ògùrọ̀ àti Ọtí Ọkà: Ogún Tó Wà Lọ́wọ́ Adẹ́mu

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

      Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ tó bá pé ọdún mẹ́wàá tí kò tú, tí àpò rẹ̀ kò gbẹ, tí ọmọ ẹgbẹ́ sì ń pọ̀ sí i, ó yẹ kí á bá a dúpẹ́. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.

Nígbà tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ogún ìbílẹ̀ wa, mo bi ara mi pé kí ni ohun tí gbogbo wa ń rí níbi ìnáwó, àmọ́ tí a kì í bèèrè ibi tó ti wá? Ẹmu ló wá sí mi lọ́kàn. Mo mọ̀ pé Alhaji àti Alhaja wà níjokòó, mo sì mọ̀ pé àwọn tí ìjọ wọn kò fàyè gba ọtí wà níbí pẹ̀lú. Mi ò wá bẹ ẹnikẹ́ni kó mutí. Ọ̀rọ̀ igi wa, ilẹ̀ wa àti iṣẹ́ ọwọ́ wa ni mo bá wá, ìyẹn sì kan ẹni tó ń mu àti ẹni tí kì í mu.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa nínú ogún yìí kì í ṣe ọtí, nítorí ọtí kò ní wọ́n lọ́jà láéláé. Adẹ́mu ló ń bọ́ lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú àbàtà tí igi ògùrọ̀ ń hù sí. Bí àwọn méjèèjì bá lọ, orúkọ nìkan ni yóò kù fún àwọn ọmọ wa.

Ilẹ̀ kan, ọtí oríṣiríṣi

Àwọn Faransé kì í pe wáìnì Bordeaux ní wáìnì Champagne. Wọ́n ní ilẹ̀, òjò àti oòrùn tí èso àjàrà rí níhìn-ín kò bá ti ọ̀hún dọ́gba. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ti etí omi gòkè.

Láti Àgbádárìgì dé Ẹ̀pẹ́, láti Ìjẹ̀bú Waterside dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, àbàtà ló pọ̀. Igi tó fẹ́ràn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi ni ògùrọ̀, orúkọ igi yìí náà ni a fi ń pe ọtí tó ń ti inú rẹ̀ jáde. Àwọn ará etí omi kì í ju nǹkan kan nínú igi yìí nù. Ara ewé rẹ̀ ni ìko ti ń wá, ìko tí a fi ń ṣe okùn, tí Agẹmọ wa náà sì ń wọ̀. Ọ̀pá ewé rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ilé àti ọgbà. Kódà bí igi náà bá kú tó wó, kòkòrò funfun sísanra kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ń sun jẹ, ẹni tó bá jẹ ẹ́ rí kì í gbàgbé rẹ̀.

Bí a bá kúrò létí omi tí a wọ inú igbó, láti òkè Ìjẹ̀bú dé Oǹdó, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ọ̀pẹ tó ń fún wa lépo náà ló ń fún wa ní ẹmu. Nínú igbó yìí kan náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà, èyí tó bá pọ́n jù ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe àgàdàǹgídì. Àgbàdo náà ń bẹ, òun ni wọ́n fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Bí a bá wá gòkè dé pápá, níbi tí igi ti ń fọ́nká, ní Òkè-Ògùn, ní Ìgbómìnà, ní ilẹ̀ Okun, ọkà bàbà ló gba ipò ọ̀pẹ. Wọ́n á rẹ ọkà náà sínú omi títí yóò fi hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á wá fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná wú u. Èyí tí wọ́n bá sẹ́ dáadáa tó mọ́ ni pìtò, èyí tó ki tí wọ́n fi gààrí sí ni bùrùkùtù. Iṣẹ́ obìnrin ni èyí jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí iṣẹ́ adẹ́mu ṣe jẹ́ ti ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni ọtí ọkà jẹ́ ti àwọn ìyá, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n sì ti fi owó rẹ̀ rán níléèwé.

Ẹ wo bí ilẹ̀ kan ṣe ní tó, láti inú omi iyọ̀ dé orí òkè olókùúta.

Ọwọ́ tó ń ṣe é

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ adẹ́mu, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ń mu ún láì mọ bó ṣe ń wá.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, adẹ́mu ti wà nídìí ọ̀pẹ. Yóò fi igbà ká ara rẹ̀ àti igi náà, yóò fi ẹ̀yìn ti igbà, yóò fi ẹsẹ̀ tẹ igi, yóò máa sọ igbà náà sókè díẹ̀díẹ̀. Igbà nìkan ló wà láàárín òun àti ilẹ̀. Bó bá dé òkè, yóò gé nínú imọ̀ kúrò kí àyè lè wà, yóò wá ibi tí ọ̀pẹ ti fẹ́ tanná akọ, yóò fi ọ̀bẹ dá a lójú, yóò ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, yóò sì so akèrègbè mọ́ ọn. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa padà wá gbé èyí tó ti kán, tí yóò sì tún fi ọ̀bẹ rẹ́ ojú ọgbẹ́ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó má baà dí. Bó bá gé e jù, igi yóò kú. Bó bá gé e kéré jù, kò ní kán. Kò sí ìwé tó ń kọ́ni ní ìwọ̀n yẹn, ọwọ́ bàbá ni ọmọ ti ń wò ó.

Omi tó ń kán náà kì í ṣe ọtí nígbà tó ń ti ara igi jáde. Omi dídùn lásán ni, nǹkan bí 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ṣúgà. Àmọ́ ìwúkàrà wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà lára akèrègbè, kíá ló sì ti dà á láàmú. Láàárín wákàtí díẹ̀, agbára ọtí inú rẹ̀ lè tó 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí ẹmu àárọ̀ fi ń dùn tí ti ìrọ̀lẹ́ fi ń le, tí èyí tó bá sun ọjọ́ méjì sì ń kan bí ọtí kíkan. Wáìnì àjàrà lè pẹ́ ogún ọdún nínú àgbá. Ẹmu tiwa kò mọ ọ̀la, ọjọ́ tí wọ́n dá a ni ọjọ́ rẹ̀. Nítorí náà, níbi tí kò bá ti sí adẹ́mu nítòsí, kò lè sí ẹmu tòótọ́ níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Bí adẹ́mu bá ní sùúrù, ọ̀pẹ kì í kú, ó lè dá a lónìí kó tún padà sórí rẹ̀ lọ́dún mìíràn. Ògùrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi ògùrọ̀ máa ń tanná láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò kú. Ìgbà tó bá fẹ́ tanná yẹn gan-an ni wọ́n ń dá a, omi tó fẹ́ fi tọ́ ọmọ rẹ̀ sì ni a ń gbà mu. Igi tí a bá ti dá kò ní so èso tí yóò hù mọ́. Bí a bá ń dá tí a kò gbìn, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ nípa rẹ̀

Àwọn baba wa kò fi ẹmu ṣe ohun àwàdà. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọbàtálá ni Olódùmarè kọ́kọ́ rán láti wá dá ilẹ̀ ayé. Ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí dòní, àwọn olórìṣà Ọbàtálá kì í fi ẹmu kan ẹnu. Ní Ìrè-Èkìtì ẹ̀wẹ̀, wọ́n ní Ògún bá àwọn ènìyàn níbi ìpàdé tí a kì í ti í fọhùn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rí agbè ẹmu nílẹ̀, ó gbé e, òfo ló bá. Ẹnikẹ́ni kò sì dá a lóhùn. Ohun tó fi idà rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ kábàámọ̀ rẹ̀ títí tó fi wọlẹ̀. Ìkìlọ̀ méjì ni àwọn àgbà fi sílẹ̀ fún wa níbẹ̀: ẹmu lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá mu ún jù, agbè òfo náà sì lè da ìlú rú.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan, Amos Tutuola, náà sọ tirẹ̀ fún gbogbo ayé. Lọ́dún 1952 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí kò níṣẹ́ méjì ju ẹmu mímu lọ. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko ọ̀pẹ ńlá, ó sì gba adẹ́mu kan fún un. Ọ̀rẹ́ kún ilé rẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Ọ̀pẹ ṣì wà, oko ṣì wà, àmọ́ kò sí ẹmu mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà bọ́ sọ́nà, ó ń wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí ìwé yẹn. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ wa gan-an ló wà níbẹ̀: ẹni tó ní oko ọ̀pẹ tí kò ní adẹ́mu, kí ló ní?

Bí ọtí àlejò ṣe di àgbà nílé wa

Ẹ lọ síbi ìdána lónìí, ẹ wo ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ìgò sìnáàpù ni. Ìlú Schiedam ní ilẹ̀ Netherlands ni irú ọtí yìí ti gbajúmọ̀, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá fún òwò. Lónìí, òun ni a fi ń tọrọ ìyàwó, òun ni a fi ń bẹ òkú ọ̀run, agbè ẹmu tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé lọ́dọ̀ àwọn onílù.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Láyé ìjọba amúnisìn, owó orí jíìnì òkèèrè wà lára ohun tí ìjọba fi ń jẹun. Lọ́dún 1919, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iná ṣe ọtí líle ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnukọlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930, tí jíìnì òkèèrè sì wọ́n, àwọn ènìyàn wa dá ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n da ẹmu tó ti kan sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n dáná sí i, wọ́n gba ooru rẹ̀ sínú páìpù tó gba inú omi tútù kọjá, ohun tó kán sílẹ̀ ni ògógóró. Ìjọba pè é ní ọtí tí kò bófin mu, ọlọ́pàá sì ń wọ igbó lọ fọ́ ìkòkò wọn. Ní ilẹ̀ Benin, sódábì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ènìyàn ni: wọ́n ní ọmọ ìdílé Sodabi kan tó bá Faransé ja Ogun Àgbáyé Kìíní ló mú ọgbọ́n náà bọ̀ wálé. Sódábì náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Àjàṣẹ́ àti Kétu ń mu. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọn kò tijú rẹ̀ mọ́, wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú ìgò tó dára fún àlejò.

Ibi tí ewu wà

Mi ò ní fi ẹ̀gbẹ́ kan sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, ẹlòmíràn kò tún ríran mọ́. Ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tó kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé mẹ́táànólù ló wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Ìjọba fòfin de ògógóró lọ́dún náà.

Mẹ́táànólù jọ ọtí lójú àti lóòórùn, àmọ́ májèlé ni. Ooru bíi 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló fi ń hó, nígbà tí ọtí gidi ń hó ní 78. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń da èyí tó bá kọ́kọ́ kán nù. Àmọ́ ìwọ̀nba tó wà nínú ẹmu kò tó èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni kẹ́míkà tí oníwọra bù mọ́ ọn kó lè pọ̀ kó sì le.

Ti ẹmu náà wà níbẹ̀. Bí adẹ́mu ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ta omi, ṣúgà àti sákárìn fún wa nínú kéègì ń pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àmì kan. Ẹmu tòótọ́ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń hó, ó ń ru, bí ẹ bá dé e pa ó lè yìnbọn. Bí ẹ bá rà á láàárọ̀ tó dùn, tó bá di alẹ́ tó tún dùn bẹ́ẹ̀, tó di ọjọ́ kejì tí kò yí padà, tí kì í sì í ṣe ti inú ìgò tí wọ́n ti fi ooru pa ìwúkàrà rẹ̀, ẹ fura.

Ewu kejì wà ní àbàtà. Ẹ gba ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kọjá, ẹ ó rí i bí iyanrìn ṣe ń bo àbàtà mọ́lẹ̀ fún ilé kíkọ́. Mi ò ní kí ènìyàn má kọ́lé. Ohun tí mo ń sọ ni pé igi tó ń kú lẹ́yìn títanná ẹ̀ẹ̀kan, tí a kò gbìn, tí a tún ń fi iyanrìn bo ilẹ̀ rẹ̀, kò ní bá ọmọ-ọmọ wa.

Ewu kẹta wà nínú ilé wa. Ta ni nínú wa tí ọmọ rẹ̀ yóò sọ pé òun fẹ́ di adẹ́mu tí kò ní fi igi lé e? Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa lónìí, àwọn ọmọ Urhobo, Ìsòkó àti Ìgbìrà ló ń gun ọ̀pẹ fún wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ló gbé e ró. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe é ń gun òkè láìní okùn ààbò, láìní owó ìtọ́jú bó bá já. A ń náwó fún olórin, a ń náwó fún aṣọ ẹgbẹ́, adẹ́mu ni a ń ná lọ́jà.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Àwọn mìíràn kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú tiwọn. Láti ọdún 1935 ni ilẹ̀ Faransé ti ní ètò tó ń ṣọ́ orúkọ wáìnì ìlú kọ̀ọ̀kan, tí ẹlòmíràn kò fi lè jí i lò. Ní Georgia tó wà nítòsí Rọ́ṣíà, inú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe wáìnì. Lọ́dún 2013, UNESCO kọ ọgbọ́n náà sínú ìwé ogún gbogbo ayé. Nílé wa níbí, NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí Ìlú Bìní lọ́dún 1939, ti fi hàn pé ẹmu ṣe é rọ sínú ìgò kó sì pẹ́. Kò sí ohun tó ní kí Ìjẹ̀bú Waterside má ní orúkọ tirẹ̀ lára ìgò.

Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ fún nǹkan mẹ́rin.

Èkíní, níbi ìnáwó yín tó ń bọ̀, ẹ ra ẹmu àti ògùrọ̀ lọ́wọ́ adẹ́mu fúnra rẹ̀, ẹ san owó tó tọ́, ẹ sì dárúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí ẹ ṣe ń dárúkọ olórin. Bí ẹ bá ń ṣe ìdána, ẹ gbé agbè ẹmu síwájú, kí ìgò àlejò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èkejì, ẹ bá àwọn ẹbí tó ní àbàtà sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ògùrọ̀, kí wọ́n sì fi igi kan sílẹ̀ láìdá láàárín mélòó kan kó lè so èso. Kí ẹgbẹ́ máa gbìn lọ́dọọdún. Iye owó aṣọ ẹgbẹ́ ẹnì kan lè gbin ọ̀pọ̀ igi.

Ẹ̀kẹta, ẹ ra okùn ààbò fún àwọn adẹ́mu agbègbè wa, kí ẹ sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹni tó bá fara pa. Bí ọ̀dọ́ méjì bá rí i pé ẹgbẹ́ ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yìí, ó lè wù wọ́n láti kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹrin, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ lọ bá àwọn àgbà adẹ́mu àti àwọn ìyá tó ń pọn ọtí ọkà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ ya àwòrán bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí iṣẹ́ náà tó bá wọn wọlẹ̀. Ẹni tí kì í mutí pàápàá lè ṣe èyí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ ti fi ọdún mẹ́wàá kó ara yín jọ. Mo fẹ́ kí ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ bá ohun kan nílẹ̀ tí a lè na ìka sí pé ẹgbẹ́ yìí ló gbìn ín. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. A ò ní ṣe èyí mọ. Ẹgbẹ́ yóò dàgbà, yóò dogbó, ọmọ yóò jogún rẹ̀, owó ẹgbẹ́ kò ní dín kù, ẹsẹ̀ adẹ́mu wa kò ní yẹ̀ lórí ọ̀pẹ, igbà rẹ̀ kò sì ní já.